Ìwádìí Tí Kò Padà Sílé

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Olóòtú ìwé ìròyìn wa yìí, kí n lè fi ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́ han ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa tí a bọ̀wọ̀ fún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. Bí ó bá sì dun ẹnikẹ́ni, kí olúwarẹ̀ mọ̀ pé èmi tí mo kọ ọ́ ni ó kọ́kọ́ dùn, nítorí pé níwájú n óò jẹ́wọ́ pé ọwọ́ tèmi náà kò mọ́ nínú rẹ̀.

Ní ìlú mi, Emùré-Ilé, tí kò jìnnà sí Ọ̀wọ̀, àwọn tí ń mú ìwé àti gègé kiri láti ojúlé dé ojúlé kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà ọyẹ́, tí a bá ti jó igbó tán tí eku sì ń sá wọ inú ilé, nígbà náà ni wọ́n sábà máa ń dé. Wọn a kí àwọn àgbà bí ó ti yẹ, wọn a jókòó lórí àpótí, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Ǹjẹ́ ẹ máa ń rí eku nínú ilé lóru? Níbo ni ẹ ń sá láfún yín sí? Ǹjẹ́ ẹ ń jẹ eku? Bí ara ọmọ yín bá gbóná, ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta oògùn òyìnbó ni ẹ kọ́kọ́ ń lọ, tàbí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, tàbí ọsibítù? Ọmọlúwàbí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn kò dàgbà jù wá lọ, ilé ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n sì ti wá, kí wọ́n lè fi ìdáhùn àwọn ènìyàn wa kọ ìwé tí wọn yóò fi gba oyè.

Ìyá tí ó bí bàbá mi ti dá irú wọn lóhùn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ọmọbìnrin tí ó wá tó ṣí ìwé rẹ̀, Ìyá àgbà bi í pé, “Ọmọ mi, èyí tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí, kí ni ẹ rí nínú rẹ̀?” Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má bínú, Mà, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ tiwa ni ó wá nígbà náà.” Ìyá àgbà ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá yá ènìyàn ní ọkọ́ mi, bí ọmọ rẹ̀ ni mo bá tún rí lójú ọ̀nà, n óò bi í léèrè ọkọ́ náà.” Lẹ́yìn èyí ó dá a lóhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀, ó sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú lọ.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ibà dá àbúrò bàbá mi dùbúlẹ̀. Ibà lásán ni gbogbo wa pè é. Ó lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó mu àgbo fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, tí ojú rẹ̀ sì ń wú, a bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí á gbé òun lọ sí ọsibítù. Ó kọ̀. Kì í ṣe owó ni kò sí, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kòkó ni. Ohun tí ó sọ ni pé, “Wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọn yóò kọ orúkọ mi sínú ìwé, ẹ kò sì ní gbọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe láéláé.” Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni a fi agbára gbé e lọ. Ní ọjọ́ kejì tí a dé ibẹ̀ ni ó kú. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì sa gbogbo ipá wọn, n kò sì ní ẹ̀sùn kankan sí wọn lẹ́sẹ̀. Gbólóhùn tí ó sọ lórí ẹní ni kò kúrò ní etí mi.

Ẹ má ṣe pe ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìwà òpè. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dán oògùn kan tí à ń pè ní Trovan wò. Nǹkan bí igba ọmọ ni wọ́n lò fún ìdánwò náà: wọ́n fún ìdajì wọn ní Trovan, wọ́n sì fún ìdajì kejì ní oògùn mìíràn. Mọ́kànlá nínú wọn kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Àwọn òbí ní a kò là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí, kí ó tó di pé ní ọdún 2009 ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́rin dọ́là fún ìparí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Kánò. Kánò jìnnà sí Emùré-Ilé, ṣùgbọ́n ìròyìn ní ẹsẹ̀.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí ó bá ti ìhín yìí lọ sọ pé ìwádìí kò dára, ó ti ṣì mí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo bí a ṣe mọ ibà Lassa, nítorí pé ọsibítù mísọ́nnì ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969, ní ìlú kékeré Lassa, ní ilẹ̀ tí ó ti di ìpínlẹ̀ Borno nísinsìnyí, nọ́ọ̀sì mísọ́nnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Laura Wine ṣàìsàn. A gbé e lọ sí Jos, ó sì kú níbẹ̀. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, kó àrùn náà, òun pẹ̀lú sì kú. Ẹnì kẹta ni Lily Pinneo, nọ́ọ̀sì bíi tiwọn. Nígbà tí àìsàn náà mú un, ọkọ̀ òfuurufú ni a fi gbé e lọ sí New York, òun ni ó sì yè. A fi ẹ̀jẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, níbi tí Jordi Casals àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i pé kòkòrò àrùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ rí ni. Casals fúnra rẹ̀ kó o. Nígbà tí ó wà láàrin ikú àti ìyè, omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo, ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, ni a fà sí i lára, ó sì yè. Juan Roman, òṣìṣẹ́ mìíràn ní ilé àyẹ̀wò Yale, kú ikú àrùn náà. Ní ọdún 1970, Jeanette Troup, dókítà obìnrin tí ó ti tọ́jú àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí ní Jos, kó o, ó sì kú.

Mo máa ń ronú lórí ọ̀rọ̀ Pinneo àti Casals yìí gan-an. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni olùwádìí fi mọ àrùn. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà ni ó tún gba olùwádìí là. Ta ni ó wá jẹ ẹnì kejì ní gbèsè? Ìlú Lassa ní tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ fún àrùn. Ní ọdún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí a má ṣe máa fi orúkọ ìlú sọ àrùn tuntun mọ́. Ó ti pẹ́ jù fún àwọn ará Lassa.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á padà sí ẹ̀bá ilé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2018 títí di oṣù kẹta ọdún 2020, ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀, àwọn dókítà ibẹ̀ àti àwọn onímọ̀ láti Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní LASCOPE. Aláìsàn 510 tí ibà Lassa mú ni ó gbà pé kí a kọ ohun gbogbo nípa àìsàn àwọn sílẹ̀. Nínú wọn, 62 kú, èyí tí í ṣe nǹkan bí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. A tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet Global Health. Ohun tí wọ́n rí ni pé, àwọn tí ó wà nínú ewu jùlọ ni àwọn tí kíndìnrín wọn ti ń kọṣẹ́, tí ẹ̀dọ̀ wọn ti ń bàjẹ́, tí kòkòrò àrùn náà sì ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n fi dé ọsibítù.

Ṣáájú èyí, ní ọdún 1986, ìwádìí kan láti ilẹ̀ Sierra Leone ti jáde nípa oògùn ribavirin. Láàrin àwọn tí àrùn náà ti wọ̀ lára gidigidi, nǹkan bí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú nínú àwọn tí a bẹ̀rẹ̀ sí fi oògùn náà sí iṣan wọn kí ọjọ́ mẹ́fà tó kọjá. Nínú àwọn tí a bẹ̀rẹ̀ sí fún lẹ́yìn èyí, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni. Àbúrò bàbá mi dé ọsibítù ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ní òde òní, àwọn onímọ̀ tìkára wọn ti ń sọ pé ìwádìí ọdún 1986 yẹn kò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ tó, nítorí pé ènìyàn kò pọ̀ nínú rẹ̀, a kò sì fi ìbò pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì bí ó ti yẹ. Nítorí náà ni ìwádìí mìíràn, INTEGRATE, ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 2024, láti fi ribavirin wé oògùn mìíràn tí à ń pè ní favipiravir. Èyí wú mi lórí púpọ̀: pé ènìyàn lè lo oògùn kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó má sì tijú láti tún bi oògùn náà léèrè ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ni ó ti gbọ́ nípa aláìsàn 510 yẹn rí? Èmi ọmọ Emùré-Ilé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kà á, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó mú kí n gbé ìwé atúmọ̀ èdè sí ẹ̀gbẹ́ mi. Mo mọ̀ pé a ń kéde lórí rédíò pé kí á dé oúnjẹ wa, kí á sì pa eku ilé wa run. Ìkéde dára. Ṣùgbọ́n ìkéde yàtọ̀ sí ìdáhùn. Ẹni tí a bi ní ìbéèrè, tí ó sì fi òtítọ́ dáhùn, ó ti di ẹnìkejì wa nínú iṣẹ́ náà. A kò gbọdọ̀ tún máa bá a sọ̀rọ̀ láti òkèèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ohun tí mo ń béèrè kò ṣeé ṣe, nítorí pé a ti ṣe é rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1956, dókítà David Morley dé sí Ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ó lọ sí Imẹ̀sí-Ilé, ó tẹ̀lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ láti ìgbà ìbí wọn, ó ń wọ̀n wọ́n, ó sì ń tọ́jú àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìwádìí ni ó ń ṣe, ìwádìí tí ó jinlẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti fi hàn bí èéyi ṣe ń pa àwọn ọmọ wa tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó kọ ìwọ̀n àwọn ọmọ náà sí. Ó kọ ọ́ sórí káàdì kan tí a fa ìlà méjì sí bí ojú ọ̀nà, a sì fi káàdì náà lé ìyá ọmọ lọ́wọ́ kí ó mú un lọ sílé. Bí àmì bá ń gòkè lójú ọ̀nà náà, ọmọ ń ṣe dáadáa. Bí ó bá dúró lójú kan tàbí tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, ìyá tí kò mọ ìwé kà pàápàá rí i, ó sì mọ̀ pé nǹkan ń bẹ. Àwọn ìyá Imẹ̀sí-Ilé pa káàdì wọn mọ́. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ ní ayé. Ohun tí olùwádìí rí àti ohun tí ìyá rí, orí ìwé kan náà ni wọ́n wà.

Ní ti iṣẹ́ tiwa gan-an, iṣẹ́ olùkọ́, ẹ rántí ohun tí Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe ní ọdún 1970, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀kọ́ kan láàrin àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wọ́n dára. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí òfin pé èdè ìyá ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025 wọ́n fagi lé e. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí mélòó kan ní Emùré-Ilé bóyá wọ́n mọ ohun tí a rí ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ẹnìkan kò mọ̀ ọ́n. Báwo ni ẹni tí kò gbọ́ nípa ìwádìí ṣe lè bá ìjọba jiyàn lórí rẹ̀?

Ó kù kí n jẹ́wọ́ bí mo ti ṣèlérí. Ní ọdún tí ó kọjá, èmi náà ṣe ìwádìí tèmi, èyí tí gbogbo wa ń pè ní pírójẹ́ẹ̀tì. Mo lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Emùré-Ilé, láti mọ bí ibà ṣe ń dí àwọn ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ìwé náà fún mi ní òwúrọ̀ méjì, ó yọ̀ǹda ìwé orúkọ fún mi, mo sì bi àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ìbéèrè mẹ́wàá. Mo rí i pé nígbà òjò, àwọn ọmọ kan náà ni ó ń pa ilé ìwé jẹ ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, àti pé púpọ̀ nínú wọn ni kò ní àpò ẹ̀fọn nílé. Mo kọ ọ́ ní orí márùn-ún, mo fi èèpo aláwọ̀ búlúù bò ó, a sì fún mi ní máàkì tí ó dára. Ó wà ní yàrá ìkàwé wa báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ kọ́kọ́ gbọn ikán dànù.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo pàdé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní ọjà. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó sì bi mí pé, “Tísà, máàkì mélòó ni mo gbà?” Ìdánwò ni ó rò pé mo ṣe fún wọn. Ó ti ń dúró de èsì rẹ̀ láti ọdún kan.

N kò mọ ohun tí n óò wí fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ní pé ìwádìí tiwa kéré, kò tó ohun tí à ń gbé lọ fún ìlú. Bí ó bá tóbi tó láti gba òwúrọ̀ méjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ó tóbi tó láti gba wákàtí kan lọ́wọ́ wa. Òmíràn ní àṣírí àwọn aláìsàn yóò tú. Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní kí á ka orúkọ. Iye ènìyàn àti ohun tí a rí ni kí á kà. Ẹ̀kẹta ní àwọn ará ilé kò ní lóye. Nígbà ìsinmi kan náà, mo ka ohun tí wọ́n rí ní Ọ̀wọ̀ fún Ìyá àgbà ní èdè wa. Ó gbọ́ ọ délẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ kíndìnrín, mo sì mọ ẹni tí ó ń rò. Lẹ́yìn náà ó ní, “Wọ́n ní kí á má sá láfún sí ẹ̀bá títì nítorí eku. Ṣé ẹnikẹ́ni nínú wọn béèrè ibi tí oòrùn ń dé ní àgbàlá wa?” N kò rí ìbéèrè yẹn nínú ìwé ìbéèrè kankan tí a gbé wá sí ilé wa, bẹ́ẹ̀ ni ó dà bí ẹni pé òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Nítorí náà mo ń bẹ àwọn olùkọ́ wa pé, láti ọdún yìí lọ, kí a má ṣe gba ìwé ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ kankan wọlé bí kò bá ní ojú ìwé kan ní èdè Yorùbá lẹ́yìn, èyí tí yóò sọ ohun tí a béèrè, ohun tí a rí, àti ohun tí a kò rí. Kí ọ̀gá ilé ìwé tàbí olórí àdúgbò tí a ti ṣe é sì fi ọwọ́ sí i pé a ti kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí ó dáhùn. Bí a bá fẹ́ fi máàkì márùn-ún fún un, ó dára. Bí a kò bá fẹ́, kí á ṣe é lásán. Àwa tí a óò di tísà ní ìlú kéékèèké ni àwọn dókítà àti àwọn ará yunifásítì yóò máa wá bá, pé kí á mú àwọn mọ ìlú. Ìgbà náà ni a óò lè wí fún wọn, láìtijú, pé ní ọ̀dọ̀ tiwa a kì í gba ìdáhùn lọ láìdá èsì padà.

Mo ti kọ ojú ìwé kan tèmi. Ọ̀gá ilé ìwé náà sì ti gbà fún mi láti wá kà á ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì tí a bá wọlé, lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, fún àwọn ọmọ àti fún òbí tí ó bá lè wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi lọ, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa kí ọjọ́ Wẹ́sídeè tó pé, nítorí owó ọkọ̀.